Kí ẹ tó pààrọ̀ processor, ẹ wo RAM tó ń bọ́ ọ

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé desktop rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn ní ọjọ́ Sátidé kan. Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ló ń ṣe, bó bá sì di alẹ́, òun àtàwọn àbúrò rẹ̀ a máa gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, processor yìí ti sú mi. Mo ti rí ẹni tó máa rà á. Mo fẹ́ fowó kún un kí n lọ ra èyí tó ní core mẹ́jọ." Ryzen 5 5600G ti AMD ló wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, core mẹ́fà, ìyẹn òṣìṣẹ́ mẹ́fà nínú processor kan. Ryzen 7 5700G ló fẹ́ rà.

Mi ò tíì dá a lóhùn tí mo fi tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Ihò mẹ́rin ló wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù fún RAM, ibi tí processor ti ń bu ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí. RAM kan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀, 16GB, wọ́n kọ 3200 gàdàgbà sí i lára. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager ṣí, mo wọ Performance, mo tẹ Memory. Níwájú Speed, 2400 ló wà níbẹ̀. Níwájú Slots used, 1 of 4. Mo pè é kó wá wò ó. Mo ní, "Àbúrò, kò sí ohun tó ṣe processor rẹ. Ebi ló ń pa á."

Nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ta processor tó dáa, tó ra òmíràn tó wọ́n jù ú lọ, tó wá rí i pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Owó ńlá ni, ó sì máa ń dùn mí.

Ohun tó ń jẹ́ bandwidth

Ìyá kan wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù mi tó ń lọ ata. Ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára, abọ́ tòmátì kan kì í pẹ́ níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń bu ata sẹ́nu ẹ̀rọ, láàárín bíbù kan sí ìkejì, ẹ̀rọ á kàn máa pariwo lásán, epo á sì máa jó. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti iléèwé dé tí òun náà gbé abọ́, tí àwọn méjèèjì jọ ń dà á, iṣẹ́ á yára, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Processor ni ẹ̀rọ yẹn. RAM ni abọ́ ata. Iye ẹrù tó lè ti inú RAM dé ẹnu processor láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n ń pè ní bandwidth. Bí abọ́ ṣe tóbi tó, ìyẹn 8GB tàbí 16GB, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Abọ́ lè tóbi bí ọpọ́n, kí ọwọ́ tó ń bù ú ṣì jẹ́ ẹyọ kan.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ọ̀nà tó ti RAM lọ sínú processor ni wọ́n ń pè ní channel, channel kọ̀ọ̀kan sì ń gbé báìtì 8 lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára RAM, bíi 2400 tàbí 3200, ni iye ìgbà tí ẹrù ń kọjá lọ́nà yẹn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní mílíọ̀nù. 3200 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 25,600MB, ìyẹn 25.6GB. Bẹ́ẹ̀ náà ni DDR3-1600 (DDR3, DDR4, DDR5: ìran RAM ni wọ́n) ṣe jẹ́ 12.8GB, DDR4-2400 jẹ́ 19.2GB, DDR4-2666 jẹ́ nǹkan bíi 21.3GB, DDR5-4800 jẹ́ 38.4GB, DDR5-6000 jẹ́ 48GB. Channel kan ṣoṣo ni mo ń sọ o. Èyí tó ga jù tó lè dé náà ni. Lẹ́nu iṣẹ́, kì í dé orí rẹ̀ tán.

Processor desktop tí àwa ń lò nílé àti ní ọ́fíìsì, ì báà ṣe ti Intel tàbí ti AMD, channel méjì ló ní. Tí ẹ bá fi RAM kan ṣoṣo sí i, ìdajì ọ̀nà ti dí nìyẹn.

Ẹ wá wo ti àbúrò tó gbé kọ̀ǹpútà wá. RAM kan, 2400: 19.2GB. Bó bá jẹ́ RAM méjì ni, tí wọ́n sì ń sáré ní 3200: 51.2GB. Ó ju ìlọ́po méjì àbọ̀ lọ. Processor tó sì fẹ́ lọ fowó kún yẹn, channel méjì kan náà ló ní, DDR4-3200 kan náà ló ń lò, cache L3 rẹ̀, àyè kékeré inú processor tí ẹrù ń dúró sí, sì jẹ́ 16MB gẹ́gẹ́ bíi ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu mẹ́jọ ni ì bá lọ kó sídìí àwo tí ẹnu mẹ́fà ò yó níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa yẹ tiyín wò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Task Manager bí mo ṣe ṣe é lókè yẹn. Nọ́ńbà Speed àti Slots used ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá CPU-Z, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, kékeré sì ni. Nínú rẹ̀, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Memory sí. Ẹ máa rí DRAM Frequency. Tó bá kọ 1600 MHz fún RAM tí wọ́n pè ní 3200, ọkàn yín kò gbọdọ̀ dàrú, kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni DDR ń gbé ẹrù nínú ìró kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 1600 yẹn ni 3200. Tó bá jẹ́ Linux lẹ ń lò, ẹ tẹ sudo dmidecode -t memory, gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí máa jáde.

Àwọn tó ń lo DDR5, ẹ ṣọ́ra níbí. RAM DDR5 kan ṣoṣo, wọ́n pín inú rẹ̀ sí ọ̀nà tóóró méjì, bit 32 ọ̀kọ̀ọ̀kan. CPU-Z lè wá kọ 2 x 32-bit, kí ẹ rò pé channel méjì ti ń ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ 4 x 32-bit lẹ rí, ìgbà yẹn ni channel méjèèjì pé.

Lórí Windows 10, òmíràn tún wà tí èmi fẹ́ràn nítorí pé kò sí ohun tí ẹ máa wà jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ tẹ winsat mem, ẹ dúró díẹ̀. Ó máa kọ Memory Performance, pẹ̀lú nọ́ńbà MB fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ lè fi wé èyí tó máa jáde lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tún un ṣe. Àwọn tó fẹ́ èyí tó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, STREAM tí John McCalpin kọ ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn bandwidth láti ọjọ́ pípẹ́, títí kan ti àwọn kọ̀ǹpútà ràgàjì.

Iṣẹ́ tó ń jẹ bandwidth, àtèyí tí kò kà á sí

Ibí ni kí ẹ ti ronú dáadáa, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn dọ́gba.

Ẹni tó kàn jù lọ ni ẹni tí kò ní káàdì graphics lọ́tọ̀, tó jẹ́ èyí tó wà nínú processor ló ń lò. 5600G wà lára wọn, Ryzen 7 8700G náà wà níbẹ̀, àti gbogbo Intel tó ní graphics nínú. Káàdì tó bá dá dúró ní RAM tirẹ̀: GTX 1650 oní-GDDR5 ní 128GB fún ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ara rẹ̀ nìkan. Èyí tó wà nínú processor kò ní tirẹ̀. Inú RAM kan náà tí àwọn core ń jẹ ni òun náà ti ń jẹ. Òun gan-an ló sì ń jẹun jù nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí géèmù fi máa ń gán lórí kọ̀ǹpútà oní-RAM kan, tí ẹ bá sì fi ìkejì sí i, ẹ̀ẹ́ rò pé ẹ ti ra kọ̀ǹpútà tuntun.

Kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn, ẹ gbọ́ ti káàdì GT 1030. Ó jáde ní 2017 pẹ̀lú GDDR5, bandwidth rẹ̀ sì jẹ́ 48GB. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òmíràn jáde, orúkọ kan náà, GT 1030, ṣùgbọ́n DDR4 ló wà lára rẹ̀: 16.8GB. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó fi méjèèjì ta géèmù rí i pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Ó ṣì wà lọ́jà tòkunbọ̀ títí di òní. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ta GT 1030 fún yín, ẹ bi í léèrè: GDDR5 ni àbí DDR4?

Ẹni kejì tí ọ̀rọ̀ kàn ni àwọn ọmọ tó ń fi AI sórí kọ̀ǹpútà ara wọn, irú èyí tó ń dáhùn ìbéèrè láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ mi báyìí, àwọn ọmọ yunifásítì pàápàá. Kí ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ tó lè kọ ègé ọ̀rọ̀ kan jáde, processor ní láti ka gbogbo fáìlì rẹ̀ látinú RAM tán lẹ́ẹ̀kan. Bí fáìlì náà bá jẹ́ 4GB, tí bandwidth yín sì jẹ́ 19.2GB, kò sí bó ṣe lè ju ègé 4.8 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá jẹ́ 51.2GB, ó lè sún mọ́ 12.8. Ẹ lè fi core mẹ́rìndínlógún sí i, kò ní kọjá ibẹ̀. Mi ò tíì rí iṣẹ́ mìíràn tí ìṣirò rẹ̀ hàn kedere tó èyí.

Fífún fáìlì ńlá pọ̀ pẹ̀lú 7-Zip náà ń mọ bí RAM ṣe yára tó. Fídíò gígé wà láàárín: ó ń jẹ bandwidth, pàápàá tí graphics inú processor bá ń bá a ṣe é, ṣùgbọ́n bí 8GB péré lẹ ní, àyè ló kọ́kọ́ máa tán kí ọ̀rọ̀ bandwidth tó dé.

Géèmù lórí kọ̀ǹpútà tó ní káàdì gidi ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Níbẹ̀, bí RAM ṣe tètè ń dáhùn àti bí cache ṣe tóbi tó ló ṣe pàtàkì jù. Cache ni ẹnu ẹ̀rọ ata, ibi tí ata díẹ̀ ń dúró sí kó tó wọlé. Tí ẹnu yẹn bá fẹ̀, kò ní máa dúró de ọwọ́ ní gbogbo ìgbà. Ryzen 7 5800X3D tó jáde ní 2022 ní 96MB, níbi tí 5800X ní 32MB. Core mẹ́jọ kan náà ni àwọn méjèèjì ní, 5800X tilẹ̀ ń sáré jù ú lọ díẹ̀, síbẹ̀ X3D máa ń borí rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ géèmù. Ẹni tó ní mọ́dábọ́ọ̀dù AM4 ti AMD pẹ̀lú káàdì tó dáa, tó ti fi RAM méjì sí i, tí géèmù rẹ̀ ṣì ń gán, irú processor bẹ́ẹ̀ ni kó máa wò.

Àwọn tí kò kàn rárá ńkọ́? Akọ̀wé tó ń tẹ lẹ́tà, ọlọ́jà tó ń kọ ìwé owó, ẹni tó ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kọ̀ǹpútà wọn bá ń fà, bóyá RAM kéré ni, tàbí kó jẹ́ hard disk ayíbíríbírí àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. SSD ni kí wọ́n rà. Cinebench pàápàá, tí àwọn èèyàn fi máa ń yan processor, kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ RAM, nítorí inú cache ló ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi nọ́ńbà rẹ̀ ṣèdájọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó yẹ kí ẹ rà, bí kọ̀ǹpútà yín bá ṣe rí

Tí ẹ bá ní Dell OptiPlex 9020 tàbí irú rẹ̀, ìran kẹrin Intel, DDR3-1600 ló ń lò. Channel méjì rẹ̀ jẹ́ 25.6GB, kò sì lè kọjá ibẹ̀. RAM kejì kò wọ́n, ẹ fi sí i, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó tún lọ ra i7 sínú irú ẹ̀ báyìí. Owó yẹn, ẹ fi pamọ́ de kọ̀ǹpútà tó lọ́jọ́ iwájú.

Ìran kẹjọ Intel ni mo ń rí jù báyìí nínú tòkunbọ̀: OptiPlex 7060, HP ProDesk 600 G4. i5-8500 inú wọn ń lo DDR4-2666, i3-8100 ń lo 2400. Tí wọ́n bá fẹ́ ta RAM 3200 fún yín ní owó gọbọi pé ó máa yára jù, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n 2666 ló máa sá (2400 lórí i3 yẹn), mọ́dábọ́ọ̀dù wọn kì í jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Bí iye owó wọn bá dọ́gba, ẹ gbé 3200. Bí ó bá fi wọ́n jù, ẹ fi sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yìí, 8GB kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọ̀lú. 8GB kejì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa ń fi kún un, kí n tó ronú i7 kankan.

AM4 ní tirẹ̀, 3200 sí 3600 ni kí ẹ wá. Lórí Ryzen 5000, 3600 ni ibi tí RAM àti ọ̀nà inú processor náà ṣì lè jọ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan kì í lè bá a, wọn á pín yà, ìdáhùn RAM á sì fà sẹ́yìn. Ẹ ti náwó tán, ẹ tún pàdánù.

Lórí AM5, ìran AMD tó tẹ̀ lé AM4, àti DDR5, ìṣòro tó wà níbẹ̀ yàtọ̀, ó sì ti mú àwọn tó mọ iṣẹ́ dáadáa. Ihò mẹ́rin kì í ṣe channel mẹ́rin. Ihò méjì méjì ló ń pín channel kan lò. AMD fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé Ryzen 7000 ń lo DDR5-5200 tó bá jẹ́ RAM méjì, ṣùgbọ́n tó bá di mẹ́rin, 3600 ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: 83.2GB fún méjì, 57.6GB fún mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ 64GB, kó ra 32GB méjì, kó má ra 16GB mẹ́rin. Ẹni tó sì fẹ́ ra mọ́dábọ́ọ̀dù LGA1700 fún ìran kejìlá sí ìkẹrìnlá Intel, kó wo ara rẹ̀ kó tó sanwó: òmíràn ń gba DDR4, òmíràn DDR5, RAM kan kò sì lè wọ ihò ìkejì.

Ọjà

RAM méjì tí wọ́n jọ jáde ni mo fẹ́ràn jù. Ìbejì ni mo máa ń pè wọ́n. Bí ẹ kò bá rí ìbejì, ẹ wá èyí tí ìwé ara rẹ̀ bá ti ọwọ́ yín mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ jẹ́ ká ka ọ̀kan pọ̀: 8GB 1Rx8 PC4-2666V-UA2-11. 8GB ni àyè rẹ̀. PC4 ni DDR4. 2666 ni iyára. 1Rx8 ń sọ bí wọ́n ṣe to ègé dúdú tó wà lára rẹ̀: mẹ́jọ ni ẹ máa kà. Bí ẹ bá rí 1Rx16, ègé mẹ́rin ni ẹ máa kà; ó sábà máa ń dínwó, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pín inú rẹ̀ kò jẹ́ kó yára tó ti àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà iyára kan náà ni wọ́n kọ. Bí mo bá ní èyí tí mo lè yàn, 1Rx8 tàbí 2Rx8 ni mo ń mú.

Lẹ́tà U tó tẹ̀ lé 2666V ló jẹ mí níyà rí. U yẹn túmọ̀ sí pé ti desktop ni. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọlọ́jà kan fi RAM 16GB méjì hàn mí, owó rẹ̀ dínkù gan-an, ó ní Ọlọ́run ló ní kí n pàdé òun. Mo sanwó, mo gbé e délé. Ó wọ ihò wẹ́rẹ́, kọ̀ǹpútà kò tàn. Mo pààrọ̀ ihò, mo yọ bátìrì mọ́dábọ́ọ̀dù, mo ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo wá fara balẹ̀ ka ìwé ara rẹ̀, 2400T-R ni wọ́n kọ. R ni ti server. Nínú DDR4, ó rí bákan náà pẹ̀lú ti desktop, ihò kò lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè bá desktop ṣiṣẹ́ láé. Ọlọ́jà náà kò gbà á padà. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kí ẹnikẹ́ni kú ọjà kí n tó ka lẹ́tà yẹn. S sì ni ti laptop. OptiPlex Micro kékeré náà ń lò ó, ẹ rántí.

Bí ẹ bá ní 8GB tẹ́lẹ̀, tí 4GB sì ni owó yín ká, kò burú. Lórí Intel, 4GB inú ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jọ ṣiṣẹ́ ní channel méjì, 4GB tó ṣẹ́kù á dá wà. Èyí sàn ju RAM kan lọ. Bí iyára wọn bá yàtọ̀, èyí tó lọ́ra jù ni àwọn méjèèjì máa bá rìn.

Fífi sínú ihò, àti títan XMP

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán. Nígbà ọyẹ́, ẹ fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ kan RAM. Iná ara wa máa ń pọ̀ lásìkò yẹn. Tí RAM náà bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́ ra ibi aláwọ̀ góòlù rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì gbọn èérún rẹ̀ dànù.

Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ má kàn fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, ihò kejì àti ìkẹrin, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí kà láti ẹ̀gbẹ́ processor, ni kí ẹ lò. Wọ́n sábà máa ń kọ A2 àti B2 sí i. Lórí ọ̀pọ̀ OptiPlex, àwọn ihò tí ìdè rẹ̀ funfun ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà AM5 lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ RAM, ojú rẹ̀ lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó ń mọ RAM tuntun náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ iná. Ẹ má sì ṣe é lásìkò tí NẸ́PÀ ń mú iná lọ tó ń mú un bọ̀.

Ó wá ku XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sá bí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára. RAM tí wọ́n fi aṣọ irin wọ̀, tí wọ́n kọ 3200 tàbí 3600 sí, kì í dédé sá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá kọ́kọ́ dé, 2133, 2400 tàbí 2666 ló máa ń sá, títí ẹ ó fi ní kó sá. Ẹ tẹ Delete tàbí F2 nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, ẹ wá XMP; àwọn kan ń pè é ní DOCP, lórí AM5 EXPO ló ń jẹ́. Ẹ tàn án, ẹ tẹ F10 kó lè dúró. Àwọn ìran kẹjọ Intel oní-mọ́dábọ́ọ̀dù ọ́fíìsì kì í ní in, ẹ má wá a títí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM wò, sórí flash, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bó bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, láti 3600 sí 3400, kí ẹ tún dán an wò. Ẹ má fojú di àṣìṣe kan yẹn. Fáìlì ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni lè tipasẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà pariwo.

Ti àbúrò ọjọ́ Sátidé, ní ìpele ni mo ṣe é, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Mo kọ́kọ́ tan XMP, kò ná an ní kọ́bọ̀: 19.2GB di 25.6GB. Ó ṣí géèmù rẹ̀, ó ní ó sàn díẹ̀. Mo wá yá a ní 16GB kan lórí tábìlì mi, irú tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo yọ tirẹ̀ kúrò níbi tó wà, mo fi ọ̀kan sí A2, mo fi ìkejì sí B2. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù náà. Níbi tí àwọn èrò ìwòran máa ń ti mú un gán, nígbà tí wọ́n bá gbá kọ́nà, ó ń lọ geerege. Ó wò mí, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, processor yẹn náà nìyí?"

Ó ra RAM tí mo yá a yẹn. Owó tó fẹ́ fi kún processor tẹ́lẹ̀, UPS ló fi rà, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni iná ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ń gbé fídíò àwọn oníbàárà rẹ̀ jáde.